Alàájì, Ṣé Ẹ Ti Jókòó?

Ojú mi méjèèjì yìí ni mo fi rí i. Kì í ṣe pé wọ́n sọ ọ́ fún mi. Àwọn tó ń ròyìn rẹ̀ kiri ní ọjà Custom títí dòní, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó wà ní agboolé wa ní àdúgbò Hausari, ní Maiduguri, láàárọ̀ ọjọ́ náà. Èmi wà níbẹ̀. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà iwájú mọ́tò dúdú ilé wa, mo gbé garawa omi dání. Ọyẹ́ ti fi eruku bo gbogbo òkè, oòrùn funfun bí ẹyin adìẹ. Ìyá bàbá mi bẹ̀rẹ̀ níwájú mọ́tò dúdú náà, ó ki irin bọ ihò tó wà nísàlẹ̀ imú mọ́tò, ó sì pe ọkọ rẹ̀ tó ti kú.

"Alàájì, ṣé ẹ ti jókòó?"

Kaka là ń pè é, bí àwọn ọmọ Hausa ṣe ń pe ìyá àgbà, torí àwa tí wọ́n bí sí Maiduguri, Hausa ló kọ́kọ́ ń bọ́ lẹ́nu wa. Obìnrin kúkúrú ni, ṣùgbọ́n apá rẹ̀ le. Bàbá àgbà ra mọ́tò yẹn lọ́wọ́ òyìnbó kan tó ń padà sílé, kí wọ́n tó bí bàbá mi rárá. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí i kó tó jí. Ẹnìkan á jókòó sínú, á máa fẹsẹ̀ tẹ epo. Ẹnì kejì á wà níta, á máa yí irin. Láti ìgbà èwe wọn, bàbá àgbà ló ń jókòó, Kaka ló ń yí. Kaka á bèèrè bóyá ó ti jókòó. Bàbá àgbà á dáhùn látinú mọ́tò pé, "Mo ti jókòó. Yí i." Ìgbà yẹn ni Kaka tó máa fa irin sókè.

Nígbà tí bàbá àgbà kú, Kaka kò jáwọ́. Ní gbogbo àárọ̀ Jímọ̀, tí ilẹ̀ bá ti mọ́ dáadáa, á fi aṣọ tútù nu àga awakọ̀, á tan iná mọ́tò, á sì rọra pa ilẹ̀kùn dé bí ẹni tí kò fẹ́ kí ó gbá èèyàn lórúnkún. Á wá wọlé lọ mú irin tó fi àdìrẹ wé sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Tó bá ti pè é tán, á dúró ní ìwọ̀n ìgbà tí èèyàn lè fi dáhùn. Lẹ́yìn náà ni á fà á.

Ẹ gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Bó bá ti pè é, awọ àga awakọ̀ á ké, bó ṣe máa ń ké tí ọkùnrin tó sanra bá jókòó lé e. Tí ẹ́ńjìnnì bá sì ti jí, ariwo rẹ̀ á ga, á rọlẹ̀, á tún ga, bí ìgbà tí ẹsẹ̀ ń dán epo wò. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Òórùn obì àti tùràrí bàbá àgbà á wá bo òórùn pẹtiróòlù mọ́lẹ̀.

Obìnrin Kanuri tó ń ta kósáì, ìyẹn àkàrà, lẹ́nu ọ̀nà wa á ké látẹ̀yìn ògiri: "Hajiya, mai gida ya tashi?" Ó ń bèèrè bóyá baálé ilé ti jí.

"Ya tashi," ni Kaka á wí. Ó ti jí.

Wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n obìnrin yẹn kì í fẹsẹ̀ kan ọgbà wa títí ẹ́ńjìnnì á fi kú.

Kaka kọ́ mi ní irin yíyí. Ní gbogbo Hausari, kò sí ọmọ ẹgbẹ́ mi tó lè ṣe é, kò dẹ̀ sí àgbà púpọ̀ tó lè ṣe é bákan náà. Ó ní, "Má fi àtàǹpàkò gbá irin mọ́ra. Kó ìka rẹ gbogbo sápá kan. Tí irin bá ta padà, kó lè já bọ́ lọ́wọ́ rẹ. Ẹni tó bá dì í mú, ó máa ṣẹ́ ẹ lọ́wọ́ ni."

Àbúrò bàbá mi, àbíkẹ́yìn Kaka, ń ṣe sójà ní bárékè. Ó wá kí wa lọ́jọ́ Alàmísì, kò sì fẹ́ jẹun.

"Màmá, gbogbo bárékè ló ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní òkú ni dírẹ́bà ìyá mi."

"Sọ fún wọn pé ó mọ̀ ọ́n wà ju àwọn tó wà láàyè lọ."

"Ẹ jẹ́ kí n tà á fún àwọn tó ń ra irin, ẹ jọ̀ọ́."

Kaka gbé àwo oúnjẹ náà sún mọ́ ọn. "Gbọ́, ọmọ mi. Níwọ̀n ìgbà tí mọ́tò yìí bá ṣì ń dáhùn, bàbá rẹ ò tíì lọ. Ọjọ́ tó bá dákẹ́ ni mo di opó. Ṣé ìwọ lo fẹ́ sọ mí di opó?"

Ó sùn sílé wa.

Ó wá di àárọ̀ Jímọ̀ tí mò ń sọ yìí. Kaka nu àga, ó pa ilẹ̀kùn dé, ó wọlé lọ mú irin. Èmi lọ pọnmi. Nígbà tí a padà dé, eruku ti bo gíláàsì, a ò rí inú mọ́tò. Kaka ki irin bọ̀ ọ́, ó pè é. Àga ké bó ṣe máa ń ké. Ohùn ọkùnrin sì dáhùn.

"Mo ti jókòó. Yí i."

Ohùn bàbá àgbà ni. Mo wo ọwọ́ Kaka, mo rí i tí àtàǹpàkò rẹ̀ ká irin náà, tó dì í mú ṣinṣin, bí ẹni tó di ọwọ́ èèyàn tó ti pẹ́ tó ti rí mú. Ó fà á. Irin ta padà. Ọrùn-ọwọ́ rẹ̀ dún bí ẹ̀ka igi dogonyaro gbígbẹ tó ṣẹ́.

Kò ké. Gíláàsì ló ń wò.

Ilẹ̀kùn awakọ̀ ṣí, àbúrò bàbá mi jáde. Nínú ọyẹ́ yẹn, ẹ̀yìn aṣọ sójà rẹ̀ tutù rinrin fún òógùn. Ohùn bàbá rẹ̀ ló jogún, gbogbo wa mọ̀ ọ́n, a kàn gbàgbé ni.

"Màmá, mo kàn fẹ́ kí ẹnìkan dá yín lóhùn ni. Ó ń ṣe mí láàánú."

Kaka kọjú sí i. "Ta ló ní kó o jókòó lé bàbá rẹ lẹ́sẹ̀?"

Àbúrò bàbá mi yíjú wo àga tó ti dìde. Òun náà mọ̀. Ó ti jókòó kí Kaka tó pè. Ta ni àga tún ké fún?

Bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ kejì ṣí fúnra rẹ̀. Ó dúró díẹ̀. Ó rọra padà dé. Atẹ́gùn kò fẹ́. Ewé kan kò mì lórí dogonyaro. Òórùn obì àti tùràrí kọjá níwájú mi, ó gba ẹnu ọ̀nà jáde. Lẹ́yìn ògiri, ẹlẹ́kósáì kò bèèrè ohunkóhun.

Lọ́jọ́ yẹn gan-an, kí wọ́n tó gbé e lọ sí ọsibítù, Kaka fi ọwọ́ òsì bọ́ yẹtí etí rẹ̀. Ó tún opó ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìwé mi kò ju pírámárì mẹ́ta lọ, ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n ní Maiduguri ta ni mẹkáníìkì. Àwọn tíṣà yunifásítì ń gbé mọ́tò wá bá mi, àwọn ọ̀gá ìjọba láti àdúgbò 1000 Housing ń tò dúró dè mí. Tí ẹ́ńjìnnì bá kú, èmi ni mo ń jí i. Tí ẹ bá fẹ́ ti mẹkáníìkì, mo máa ní orúnkún àbúrò bàbá mi ló ti irin kékeré ara sítíárì, èyí tó ń sọ ìgbà tí iná máa ta sí epo, kúrò láyè rẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ta padà. Ó yé mi. Ṣùgbọ́n mo ti tú mọ́tò dúdú yẹn palẹ̀, mo ti tò ó padà, iná wà níbẹ̀, epo wà níbẹ̀, mo yí i títí apá mi fi kú. Kò dá mi lóhùn. Òun nìkan ni n kò rí jí.

Títí dòní, àtàǹpàkò mi kì í ká irin iṣẹ́ kankan, ì báà jẹ́ sípánà. N kì í sì jókòó sí àga awakọ̀ mọ́tò àtijọ́ láìkọ́kọ́ fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó gbóná. Àwọn ọmọṣẹ́ mi máa ń rẹ́rìn-ín. Kí wọ́n máa rín in.

Ohun tó lọ láàárọ̀ yẹn nìyí: ọrùn-ọwọ́ ọ̀tún kan, tí kò tọ́ mọ́ títí Kaka fi kú. Mọ́tò kan. Bàbá àgbà kan, ìgbà kejì.