Bí Mo Ṣe Di Ẹrù Fífà fún Àwọn Ọmọ JSS 2

Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, èmi àti ìwé sì pínyà láìjà. Ìdí nìyẹn tí àyà mi fi já lọ́jọ́ Ẹtì kan, nígbà tí ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n mi pè mí lórí fóònù pé kí n wá bá òun kọ́ àwọn ọmọ JSS 2 ní sáyẹ́ǹsì. Ilé ìwé aládàáni kan ní Ajah ló ti ń kọ́ wọn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò tíì di tiẹ̀. Ọjọ́ yẹn gan-an ni màdáámú tó ni ilé ìwé fẹ́ wá jókòó ti kíláàsì rẹ̀. Bí kíláàsì bá dàrú, kó máa lọ sílé nìyẹn.

"Kí ni màá kọ́ wọn?" ni mo bi í.

"Ẹ ò ní kọ́ wọn ní nǹkan kan, Àǹkú. Ẹ kàn máa dúró ni. Àwọn ni wọ́n máa fà yín."

Látìgbà tí mo ti ń kun ilé fún àwọn olówó ní Lẹ́kkí Phase 1, n ò tíì rí iṣẹ́ tó bá ẹ̀bùn mi mu tó báyìí.

Ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti lọ tààrà, tèmi ti sùtánà funfun mi. Àwa aláṣọ funfun kì í sì í wọ bàtà mọ́ sùtánà. Ẹsẹ̀ lásán ni mo fi rìn dé ibẹ̀, tí oòrùn Ajah ń sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ fún àtẹ́lẹsẹ̀ mi.

Táìlì gbọ̀ngàn wọn ń dán tó bẹ́ẹ̀ tí mo rí irùngbọ̀n mi nínú ẹ̀. Màdáámú ti pàṣẹ pé bàtà kò gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́, nítorí náà ìbọ̀sẹ̀ ni gbogbo àwọn ọmọ fi ń rìn níbẹ̀. Òun fúnra ẹ̀ jókòó lẹ́yìn, ó ń wò mí bí ìgbà tí wọ́n gbé ọjà tí kò rà wá fún un.

Ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n mi ṣàlàyé fún wọn pé ipá ni ohun tó ń mú nǹkan kúrò lójú kan, òun náà ló sì ń dá a dúró. Ó fi orí okùn kan lé mi lọ́wọ́, ó fún ọmọkùnrin mẹ́rin ní orí kejì. Irú oúnjẹ tí wọ́n fi ń bọ́ àwọn mẹ́rin yẹn nílé, Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n. Mo dijú. Wọ́n rò pé àdúrà ni mò ń gbà. Ìṣubú ara mi ni n ò fẹ́ rí.

"Ó yá, ẹ fà wọ́n!"

Wọ́n fà títí. Nígbà tí mo lajú, ibi tí mo dúró sí náà ni mo wà. Àwọn ni wọ́n ń yọ̀ bọ̀ lọ́dọ̀ mi bí ọṣẹ.

"Hẹ̀ẹ́! Páwà wà nínú aṣọ bàbá aládùúrà!"

"Áńgẹ́lì ló dì wọ́n mú lẹ́yìn!"

Ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ kúnlẹ̀ pé kí n gbàdúrà fún ìdánwò òun. Kí n má purọ́, ó dùn mọ́ mi. Mo ti ń gbọ́wọ́ sókè díẹ̀díẹ̀ kí n tó rí ojú ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n mi. Ó kù díẹ̀ kó sunkún.

Màdáámú lanu. "Àǹtí, ṣé sáyẹ́ǹsì nìyí àbí ìsọjí?"

Ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n mi yíjú sí kíláàsì. "Ẹ ní aṣọ ni. Báwo la ṣe máa mọ̀?"

Ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan, tí ẹnu ẹ̀ mú bí abẹ, dìde. "Kí wọ́n bọ́ ọ, ká tún wọn fà."

Ẹ gbà mí! Sìńgílẹ́ẹ̀tì tó wà lábẹ́ sùtánà yẹn, ihò ara ẹ̀ pọ̀ ju aṣọ lọ. Mo wo ilẹ̀kùn. Akíkanjú bíi tèmi, ilẹ̀kùn ló kọ́kọ́ máa ń rí. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọmọ yìí ló so mọ́ okùn. Mo bọ́ ọ, mo ká a sórí àga. Wọ́n fi sìńgílẹ́ẹ̀tì mi rẹ́rìn-ín tẹ́rùn, wọ́n wá fà mí. N ò mira.

"Àṣẹ́kù páwà ni," ọmọ tó fẹ́ àdúrà yẹn ta kú.

"Ó dáa," ni ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn wí. "Kí wọ́n wọ ìbọ̀sẹ̀ bíi tiwa."

Wọ́n lọ mú ìbọ̀sẹ̀ bọ́ọ̀lù kan wá, ó gùn dé orúnkún mi. Ṣòkòtò péńpé, sìńgílẹ́ẹ̀tì oníhò, ìbọ̀sẹ̀ bọ́ọ̀lù: agbábọ́ọ̀lù tí kóòṣì ti lé.

"Àǹkú, ẹ má bẹ̀rù," ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n mi sọ ọ́ jẹ́jẹ́.

"Ta ló ń bẹ̀rù?" Ohùn mi jáde bíi ti òròmọdìyẹ.

Wọ́n fà lẹ́ẹ̀kan péré. Táìlì tó ti ń gbè lẹ́yìn mi dalẹ̀ mi. Mo yọ̀, mo fìdí jókòó, ìdí náà ò sì dúró. Ó gbé mi lọ títí dé iwájú màdáámú.

Kò wò mí. Ọmọ tó fẹ́ àdúrà ló nàka sí. "Ìwọ, kí ló gbé wọn lọ?"

Ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n mi di etí tábìlì mú.

Ọmọ náà wo aṣọ lórí àga, ó wo ẹsẹ̀ mi. "Ẹsẹ̀ wọn ló ń di ilẹ̀ mú tẹ́lẹ̀, mà. Ìbọ̀sẹ̀ ò jẹ́ kó dì í mú dáadáa mọ́. Ipá tiwa wá borí."

"Aṣọ ńkọ́?"

"Aṣọ ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀, mà."

Màdáámú dìde. "Àǹtí, iṣẹ́ ti di tiyín. Ẹ wá gba kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù sáyẹ́ǹsì ní ọ́fíìsì mi."

Ariwo sọ, wọ́n dì mọ́ Àǹtí wọn. Èmi ṣì wà nílẹ̀. Mo nawọ́ pé kí ẹnì kan fà mí dìde. Ṣé ẹ rí gbogbo àwọn tó ti ń fà mí látàárọ̀? Ó ti rẹ̀ wọ́n.