Ta Ni Màmá Àgbà Ń Pè Ní “Wọn”?

“Gbé e lọ fún wọn kó tó tutù.” Màmá Àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀, ewé mọ́ínmọ́ín kún ọwọ́ wọn, ooru ìkòkò bo ojú wọn. Òórùn bisikíìtì láti ilé iṣẹ́ tó wà lẹ́yìn ilé wa l'Ágége ti dà pọ̀ mọ́ ti mọ́ínmọ́ín, ikùn mi ń kùn. Mo gbé abọ́ jáde.

Ìyàwó ilé gidi láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni Màmá Àgbà. Wọn kì í pe orúkọ ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá nílé ọkọ, àní ọmọ tí wọ́n pọ̀n gan-an. “Wọn” ni gbogbo wọn. Àwa ọmọ-ọmọ la máa fi ojú mọ ẹni tó jẹ́. Bí búùtà àlùwàlá bá wà lọ́wọ́ wọn, Bàbá, ọkọ wọn, ni. Bí wọ́n bá fi ẹnu júwe apá òsì, àbúrò Bàbá obìnrin ni, tó ń gbé yàrá òdìkejì. Abọ́ búlúù sì ni ti Bàbá, olódòdó ni ti àbúrò Bàbá.

Olódòdó ló wà lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n ó ti di ọjọ́ mẹ́ta tí Màmá Àgbà àti àbúrò Bàbá ò bára wọn sọ̀rọ̀, nítorí okùn tí a ń sá aṣọ sí. Ó dùn mí wọra, torí yàrá àbúrò Bàbá la ti ń wo tẹlifíṣàn.

Mo yà sí òsì. Àbúrò Bàbá wo abọ́, wọ́n wò mí, wọ́n gbà á. Bí mo ṣe padà ni mo rí abọ́ búlúù nínú bàsíà, a ò tíì fọ̀ ọ́, ìyẹn ni wọ́n fi lo olódòdó. Mo gbé! Oúnjẹ Bàbá ni mo gbé fún ẹlòmíràn. Mo sá pamọ́ sẹ́yìn àgbá omi.

Kò pẹ́ tí àbúrò Bàbá fi yọ sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, abọ́ ti ṣófo. “Ìyàwó, iyọ̀ rẹ̀ ṣe rẹ́gí.”

Màmá Àgbà kúnlẹ̀. “Ẹ ṣeun, ọkọ mi.” Ni àwọn méjèèjì bá tún bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ okùn yẹn, ẹ̀rín ni wọ́n ń rín sí i.

Nígbà tí mo lọ tọrọ àforíjì, Màmá Àgbà ò bínú rárá. “Bàbá yín ni mo ní lọ́kàn. Mo sì rí ẹ nígbà tí o yà sí òsì. Ṣé mi ò lẹ́nu tí mo lè fi pè ẹ́ padà ni?”

Màmá Àgbà ti lọ báyìí, àárò wọn sì máa ń sọ mí. Tí a bá ń se mọ́ínmọ́ín, màmá mi á tọ́ ọ wò, wọ́n á ní, “Èyí ìbá tẹ́ wọn lọ́rùn.” Ọmọ mi kékeré nìkan ló máa ń béèrè pé ta ni “wọn”. Mo máa ń gbé abọ́ olódòdó lé e lọ́wọ́, kó gbé e lọ síbi tó bá wù ú, bí Màmá Àgbà ṣe jẹ́ kí n ṣe lọ́jọ́ náà.