Ọjọ́ Tí Mo Fi Ẹsẹ̀ Wá Ààlà Ìdí-Apá

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ nígbà tí mo kúrò nílé ní Ìlaròó. Mi ò sọ fún ọ́fíìsì pé mò ń lọ, nítorí mo mọ̀ pé wọ́n á ní kí n má lọ.

Iṣẹ́ wíwọn ilẹ̀ ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní polí. Ọ́fíìsì kan ló gbà mí pé kí n bá wọn fa ààlà àwọn àgbègbè àtijọ́ sórí àwòrán ilẹ̀ tuntun lórí kọ̀ǹpútà. Abúlé kan tó ń jẹ́ Ìdí-Apá ló dá wàhálà sílẹ̀. Lórí àwòrán ọ́fíìsì náà, òdìkejì ààlà ìjọba ìbílẹ̀ wa ló wà. Ìjọba ìbílẹ̀ òdìkejì náà sì ní àwọn kò mọ̀ ọ́n rí.

Ọ̀gá ọ́fíìsì náà ní, “Mádàámù, ẹ pa á rẹ́. Ta ló fẹ́ lọ wò ó?”

Mo ní, “Èmi, sà.”

Ẹ̀dà ìwé ìkànìyàn àtijọ́ kan ni mo gbẹ́kẹ̀ lé. Akọ̀wé tó kọ ọ́ to àwọn abúlé tẹ̀lé ara wọn bó ṣe ń fẹsẹ̀ rìn. Ó kọ Ìdí-Apá sílẹ̀ kó tó kọ ọ́ pé òun dé odò Aró, ibi tí àgbègbè òun parí sí. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, tiwa ni Ìdí-Apá.

Àwa mẹ́rin ni wọ́n há mọ́ ẹ̀yìn mọ́tò. Lẹ́yìn Ìgbógìlà, kòtò pọ̀ débi pé awakọ̀ fi títì sílẹ̀, ó ń gba ẹ̀gbẹ́ igbó. Ní Ayétòrò mo jẹ láfún àti ẹ̀fọ́. Láfún náà funfun, ó sì kúnná ju èyí tí à ń rà nílé lọ. Ọlọ́kadà kan tí wọ́n ń pè ní Bàbá Ráfíù gba ẹgbẹ̀rún mẹ́rin náírà láti gbé mi lọ, kó dúró, kó sì gbé mi padà.

Ó bi mí pé, “Ta lẹ ní ní Ìdí-Apá?”

“Mi ò ní ẹnì kankan níbẹ̀.”

“Ìjọba náà kò ní ẹnì kankan níbẹ̀,” ló wí, ó sì ṣáná sí ọ̀kadà rẹ̀.

Bí a ṣe la odò tóóró kan tí mo gbà pé Aró ni kọjá, fóònù mi fi hàn pé a ti kọjá ààlà, abúlé sì ṣì wà níwájú. Ọkàn mi rẹ̀wẹ̀sì. Àbí òótọ́ ni ọ̀gá náà ń sọ?

Màmá Dọ́káàsì ló gbà wá lálejò. Bàbá rẹ̀ ló kọ́kọ́ ṣe tíṣà ìjọ ní abúlé náà. Ó gbé búrẹ́dì gígùn kan fún wa, èyí tó wá láti òkè ibodè. “Pẹ̀ẹ̀n” ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, bí àwọn Faransé ṣe ń pè é. Lẹ́yìn náà ló tẹjú mọ́ mi.

“Ṣé ẹ̀yin náà wá sọ fún wa pé a kò sí ni?”

Ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin ti gba àyè ní yunifásítì, ṣùgbọ́n kò rí ìwé ọmọ ìbílẹ̀ gbà. Ní ìjọba ìbílẹ̀ wa tó kọ́kọ́ lọ, wọ́n ní ará òdìkejì ni. Nígbà tó dé òdìkejì, wọ́n ní kó padà sí Kùtọnu, ní òkè ibodè.

Mo bi í léèrè odò Aró tí a là kọjá. Màmá rẹ́rìn-ín.

“Ọmọ Aró lèyí tí ẹ là kọjá. Ẹ̀ẹ̀rùn ń gbẹ ẹ́. Aró gan-an wà lẹ́yìn ilé wa.”

Ó mú àdá, ó ṣíwájú mi. A rìn títí a fi dé odò ńlá kan. Ó ṣán ìtàkùn létí omi, òpó òkúta kan sì yọ jáde, tí wọ́n gbẹ́ lẹ́tà àgbègbè wa sí lára. Mo fọwọ́ kan lẹ́tà náà, ojú mi sì kún fún omi. Mo rin etí odò náà títí ọ̀sán fi pọ́n, mò ń fi fóònù sàmì sí gbogbo ibi tó ti yí.

Oòrùn ń wọ̀ nígbà tí mo padà dé Ìlaròó. Kí n tó bọ́ bàtà ni mo ti fa ààlà náà gba Aró.

Nígbà tí ọ̀gá rí i lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ó pè mí.

“Mádàámù, ẹ dá ìlà yẹn padà. Àwòrán ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí.”

“Kò lè parí, sà, kí àwọn èèyàn kù síta.”

“Màá ní kí ẹlòmíràn pa á rẹ́.”

Mo sọ fún un pé mo ti tẹ àwòrán náà sórí ìwé fífẹ̀, mo buwọ́ lù ú, mo sì ti fi rán Bàbá Ráfíù. Ara ògiri ṣọ́ọ̀ṣì Ìdí-Apá ló wà báyìí, ọmọ-ọmọ Màmá Dọ́káàsì sì ti mú ẹ̀dà kan lọ síbi tí wọ́n ti ń gba ìwé ọmọ ìbílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ pa á rẹ́, kó lọ sí Ìdí-Apá, kó pa á rẹ́ lójú wọn.