Òróró Fada àti Òwú Ará Sìlóònù

Bí ẹ bá fẹ́ mú Baba mi bínú, ẹ bi í léèrè ohun tó wò ó sàn lójú ogun. Mo bi í nígbà mẹ́ta láyé mi. Ẹ̀ẹ̀mejì ló lé mi kúrò nídìí òfì rẹ̀. Ìgbà kẹta ló tó jókòó sọ ọ́ fún mi, òun náà ò sì mọ ìdáhùn.

Akínyẹlé lorúkọ rẹ̀, ahunṣọ ni ní Ìsẹ́yìn. Nígbà ogun àwọn Jámánì, wọ́n kó o mọ́ àwọn tó ń ru ẹrù fún ṣọ́jà, ọkọ̀ ojú omi sì gbé wọn lọ sí Ìlà-Oòrùn Áfíríkà. Ìgbẹ́ ọ̀rìn bá wọn níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi gbé Baba dé ilé ìwòsàn àwọn ológun ní Daresaláàmù, egungun lásán ló kù. Dókítà wò ó, ó mi orí, ó kọjá sọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Fada kan wá, ó rì í bọmi, ó sì fi òróró mímọ́ kàn án níwájú orí àti ní àtẹ́lẹwọ́. Kí oòrùn tó rọ̀ lọ́jọ́ náà, ọkùnrin kan tó ń fọ aṣọ àwọn aláìsàn, ará erékùṣù Sìlóònù, wá jókòó tì í. Ó gbé àwo omi kan sílẹ̀, ó di òwú funfun mú, ó sì ń kọ orin kan tí kò lọ sókè, tí kò lọ sílẹ̀. Ó pẹ́ kó tó dákẹ́. Ó fún Baba ní omi náà mu, ó so òwú náà mọ́ ọn lọ́wọ́ ọ̀tún, ó wá fọwọ́ júwe pé kó má já a, kó jẹ́ kó gbó kúrò fúnra rẹ̀. Búdà ni ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí Baba rí dì mú nínú gbogbo orin náà, ó sì rò pé orúkọ bàbá tó kọ́ ọkùnrin náà níṣègùn ni. Ìgbà tí mo di tíṣà ni mo tó kà nínú ìwé pé ẹlẹ́sìn Búdà ni.

Lọ́jọ́ kẹta, Baba dìde jókòó, ó ní kí wọ́n fún òun lóúnjẹ. Ibẹ̀ ni wàhálà rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ta ló wò ó sàn? Bó bá dúpẹ́ lọ́wọ́ Fada, á dà bíi pé ó rẹ́ ará Sìlóònù jẹ. Bó bá wo òwú ọwọ́ rẹ̀, ẹ̀rù á bà á pé inú á bí Fada.

Ó padà dé lọ́dún 1918, òwú náà sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ síbẹ̀. Ojúọlá ìyá rẹ̀ ń ran òwú fún un, Àbíkẹ́ ìyàwó rẹ̀ ń rẹ ẹ́ láró, ara bẹ̀rẹ̀ sí í tù wọ́n. Kò pẹ́ tí àrùn lùkúlùkú fi wọ ìlú. Bí èèyàn bá wúkọ́, tí ara rẹ̀ gbóná lónìí, ní ọ̀túnla wọ́n lè ti máa gbẹ́ ilẹ̀. Lọ́jọ́ Ẹtì kan, Àbíkẹ́ dùbúlẹ̀.

Baba ní kí òun tún ohun tí wọ́n ṣe fún òun ṣe. Ṣùgbọ́n èwo nínú méjèèjì? Ó ránṣẹ́ sí Fada mìíràn tó wà ní Ọ̀yọ́. Ta ni yóò wá rán sí Sìlóònù? Ó pinnu láti tú òwú ọwọ́ ara rẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀. Òwú ti gbó, bó ti ń tú u ló já sí méjì. Kó tó ronú, ọwọ́ ahunṣọ ti ṣe bó ti máa ń ṣe: ó ti fa òwú díẹ̀ lára ìrànwú ìyá rẹ̀, ó ti fi itọ́ pa á, ó ti so ó pọ̀ mọ́ ti tẹ́lẹ̀. Ìgbà tó parí ló tó mọ ohun tó ṣe.

“Ìyá, mo ti bà á jẹ́! Òwú tiyín ò ní orin nínú.”

Ìyá wúkọ́, ó fi etí ìró nu ẹnu, ó wá fi oríkì pe Baba. “So ó mọ́ ọmọ ọlọ́mọ lọ́wọ́ jàre, Àkànní. Ògì ni mo ń pò lọ́wọ́ yìí.”

Baba so ó. Ó fẹ́ kọ orin náà, kò rántí rẹ̀, ó kàn ń kùn lásán.

Lọ́jọ́ kejì, Fada dé lórí ẹṣin. Baba sáré fi aṣọ bo ọwọ́ Àbíkẹ́, ó gbàgbé pé àtẹ́lẹwọ́ náà ni Fada máa kan. Fada ṣí aṣọ, ó rí òwú. “Kí lèyí?” Baba ò lè purọ́, ó sọ gbogbo rẹ̀.

Fada ṣí ìgò òróró rẹ̀. “Akínyẹlé, nítorí ọkàn ni mo ṣe gbé òróró yìí wá. Bí Ọlọ́run bá fẹ́, ara náà á yá.”

“Fada, èwo ló wá wò mí sàn nígbà náà?”

“N ò sí níbẹ̀,” ni Fada wí. Ó ṣe ìrìbọmi fún Àbíkẹ́, ó fi òróró kàn án, òróró ṣàn dé ara òwú. Bó ti ń palẹ̀ mọ́, ó gbọ́ tí Ìyá ń wúkọ́. Ó béèrè ohun tó ṣe é.

“Ikọ́ òwú ni, Fada,” ni Ìyá fèsì. “Kò sílé ahunṣọ tí kò sí.”

“Òótọ́ ni,” ni Baba wí. Nílé wa, eruku òwú máa ń bà sí gbogbo wa lọ́fun, ẹnikẹ́ni kì í yíjú wo ẹni tó bá wúkọ́. Fada gun ẹṣin rẹ̀, ó kọjá sí Ṣakí.

Lọ́jọ́ kẹta, Àbíkẹ́ lajú, ó ní òun fẹ́ mu ògì. Ayọ̀ kún Baba, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó sì tún bẹ̀rẹ̀: ṣé òróró ni àbí òwú? Bí ó bá jẹ́ òwú, ìlàjì wo nínú rẹ̀? Ó pẹ́ kó tó ṣàkíyèsí pé òun ò gbúròó ikọ́ Ìyá mọ́. Ó wọlé, ó bá Ìyá lórí ẹní, ara rẹ̀ ń jó bí iná. Fada ti lọ, òwú kan ṣoṣo tó ní orin nínú wà lọ́wọ́ Àbíkẹ́. Ó gbéra kó lọ tú u.

“Má tú u lọ́wọ́ rẹ̀,” ni Ìyá wí. Kí wọ́n tó kírun alásàárì ní mọ́ṣáláṣí ìtòsí wa, Ìyá ti kú.

Ọdún kejì ni wọ́n bí mi, Ìyábọ̀ ni Baba sọ mí. Nígbà tí mo dàgbà, mo bi ìyá mi léèrè ohun tó wò ó sàn. Ó ní òun ò mọ òróró, òun ò mọ òwú, pé ògì tí Ìyá ń fi ṣíbí dà sí òun lẹ́nu nìkan ni òun rántí. Baba gbọ́, ó káwọ́ lérí.

Ṣùgbọ́n títí ó fi kú, bí ẹnikẹ́ni bá wúkọ́ nídìí òfì, Baba á ju ọ̀kọ̀ tó fi ń hunṣọ sílẹ̀, á dìde, á fọwọ́ kan onítọ̀hún níwájú orí.

“Má sọ fún mi pé ikọ́ òwú ni,” ló máa ń wí.