Iye Ẹ̀tù Tí Aunty Àsúmáù Kọ̀ Láti Sọ

Ilé oògùn kan ní Peckham ni Aunty Àsúmáù ti ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n tó bá di Sátidé, ẹgbẹ́ ayìnbọn ni wọ́n ń lọ. Fúnra wọn ni wọ́n ń wọn ẹ̀tù sínú ọta wọn. Wọn á ti ilẹ̀kùn, wọn á pa fóònù.

Àbúrò wọn, Waris, tó ń gbé ní Texas, ra ìbọn tó ń fúnra ẹ̀ kó ọta wọlé, òun náà sì fẹ́ máa wọn ẹ̀tù sínú ọta ẹ̀. Ló bá pè.

"Sister mi, iye ẹ̀tù wo lẹ ń lò? Ohun tẹ́ ẹ bá ti sọ ni màá ṣe."

"Mi ò ní sọ! Ọwọ́ ni mo fi ń kó ọta sínú tèmi, iye ẹ̀tù tó gbà lè fọ́ tìẹ mọ́ ẹ lójú. Ìbọn ò mọ ẹ̀gbọ́n, Waris. Wá ìwé, ṣí ibi tí wọ́n ti kọ nípa irú ìbọn tìẹ, kó o bẹ̀rẹ̀ láti iye tó kéré jù."

Ó bínú, ó ní ahun ni wọ́n. Wọ́n ní kó máa bínú lọ, kò sáà gbọdọ̀ wọn hóró kan kó tó fi fọ́tò ìwé náà ránṣẹ́.

Lọ́jọ́ kẹta, fọ́tò dé. Aunty kà á, wọ́n wá àga jókòó. Iye tí ìwé ní ìbọn Waris kò gbọdọ̀ kọjá kò tó èyí tí Aunty ń lò ní gbogbo Sátidé.