Ìkòkò Tí Mo Fọ̀ Mọ́

Òórùn àgbàdo bíbọ̀ ni mo fi ń rántí ilẹ̀ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ajah, níbi tí a ti ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé. Lọ́jọ́ náà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ tèmi tán, iyọ̀ ṣì wà lẹ́nu mi, ni ṣọ́bìrì mi kan nǹkan nínú yanrìn. Ìdajì ìkòkò amọ̀ ni. Inú ẹ̀ dúdú kirikiri, bíi pé ẹ̀kọ ló jóná mọ́ ọn.

Fọ́máànù wa ní ẹbọ ni, kí n jù ú nù. Ṣùgbọ́n àǹtí onílé, tó ń kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì nípa ohun àtijọ́ inú ilẹ̀, ti bẹ̀ wá pé ohunkóhun tá a bá rí, ká bá òun tọ́jú ẹ̀. Ọ̀rẹ́, o mọ ilé wa: a kì í gbé ohun èlò tó dọ̀tí fún àgbà. Mo wá kànrìnkàn àti ọṣẹ, mo fi yanrìn ha inú ẹ̀ títí ó fi mọ́, mo wá dojú ẹ̀ dé sórí búlọ́ọ̀kù kó lè gbẹ.

Fọ́máànù ní, "Ìyàwó tó bá fẹ́ ẹ ti jayé."

Nígbà tí àǹtí dé, ẹ̀yìn ìkòkò náà ni wọ́n kọ́kọ́ rí, pẹ̀lú àwọn àmì kéékèèké tó tò lára ẹ̀. Inú wọn dùn. Wọ́n mú ṣùkù àgbàdo tí mo jẹ kù, wọ́n yí i lórí yanrìn tútù, àmì kan náà ló yọ. Àṣé ṣùkù ni ẹni tó mọ ìkòkò náà fi ṣe ọnà sí i lára. Wọ́n ní òkè òkun ni àgbàdo ti wá, pé àwọn baba ńlá wa ti ń jẹun tipẹ́ kó tó dé.

"Ohun tí mo ń wá ni bóyá inú ìkòkò báyìí ni wọ́n ti se àgbàdo. Ohun tó bá jóná mọ́ ìdí ẹ̀ ló máa sọ fún wa."

Wọ́n yí ìkòkò náà padà.

"Ta ló fọ̀ ọ́?"

"Èmi ni, mà."

"Omi tó o fi fọ̀ ọ́ ńkọ́?"

Mo nawọ́ sí yanrìn tútù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yí ṣùkù lé. Ó ti fa omi náà mu, ìfófòó ọṣẹ díẹ̀ ló kù. Wọ́n kàn jókòó sórí búlọ́ọ̀kù, wọ́n gbé ìkòkò lé ẹsẹ̀.

Ó ṣì ń ṣe mí bákan. Ẹnì kan gbójú kúrò lórí iná láyé ọjọ́un, oúnjẹ ẹ̀ jóná, bóyá wọ́n tiẹ̀ bú u. Oúnjẹ yẹn ló dúró dè wá nínú ilẹ̀ látìgbà náà. Èmi ni mo wá bù ú dà nù, ẹnikẹ́ni ò sì tọ́ ọ wò.