Orúkọ Tó Wà ní Òdìkejì Òkun

Ìmọ̀ nípa ojú ọjọ́ ni mo kà ní yunifásítì, ó ti pẹ́. Mo lè ya àwòrán ọ̀nà tí ìjì ń gbà wọ ilẹ̀ láti orí òkun, mo sì gba máàkì tó dáa. Ṣùgbọ́n Dublin, ní orílẹ̀-èdè Ireland, ni mo ti mọ ìjì, ní àwọn ọdún tí iṣẹ́ pọ̀ níbẹ̀, tí mò ń to ẹrù ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Damastown.

Ìgbà òtútù ni ìyàwó mi bí àbígbẹ̀yìn wa. Ìyá rẹ̀, tí wọ́n ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, ní àwọn ni yóò fún ọmọ lórúkọ, àwọn ni yóò sì wẹ̀ ẹ́. Wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin dé èbúté Holyhead, níbi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń gbéra wá sí Dublin, lọ́jọ́ tó ṣáájú ìsọmọlórúkọ. Ọjọ́ náà ni ìjì dé. Ọkọ̀ ojú omi kankan kò gbéra. Lọ́dọ̀ tiwa, yìnyín bo títì, bọ́ọ̀sì kò rìn mọ́.

Wọ́n pè wá nírọ̀lẹ́. Mo ní, “Màmá, ẹ kúkú sọ orúkọ náà fún wa báyìí.”

“Gbogbo ìwé tí o kà, wọn ò kọ́ ẹ pé a kì í dárúkọ ọmọ kí ilẹ̀ ọjọ́ kẹjọ tó mọ́? Káàdì tí mo fi ń pè yín ń tán lọ. Ó dàárọ̀.”

Ìyàwó mi sunkún. Ó ní bí ohùn ìyá òun kò bá sí níbẹ̀, a jẹ́ pé àlejò ló sọ ọmọ òun lórúkọ.

Láàárọ̀, Àáfà tí yóò bá wa ṣe ìsọmọlórúkọ fi ẹsẹ̀ rìn wá, ọ̀rá ni wọ́n fi yí bàtà wọn ká. A jókòó, a ń wo fóònù. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Àáfà pé a dá wọn dúró.

Àáfà ní, “Ẹ jẹ́ ká dúró de Màmá. Ta ló fẹ́ tètè padà sínú yìnyín yẹn?”

Nígbà tó yá, fóònù dún. Òṣìṣẹ́ èbúté kan ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní màmá kan fi nọ́ńbà wa han òun lórí bébà, káàdì rẹ̀ ti tán, òun sì ti mú un wọ ọ́fíìsì òun. Ó ní kí a má kánjú.

Àáfà pe ìrun sí ọmọ létí tán, wọ́n ní kí n gbé fóònù síbẹ̀. Màmá sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Kò sẹ́ni tó gbọ́ nǹkan kan nínú wa.

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, a ò gbọ́.”

“Ẹni tó ni orúkọ ti gbọ́.”

Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá sọ ọ́ fún mi. Mo pè é sókè, Àáfà tún un pè, ìyàwó mi sì ń rẹ́rìn-ín tòun ti omijé lójú.

Lẹ́yìn ọjọ́ méjì ni ọkọ̀ tó gbéra. Màmá kò tíì bọ́ kóòtù tí wọ́n fi béèrè omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ tí wọn yóò fi wẹ ọmọ. Wọ́n pe ọmọ lórúkọ, ọmọ yíjú sí wọn.

“Ṣé o rí i? Ó mọ ohùn mi.”

Ọmọ ọjọ́ mẹ́wàá lè yíjú síbi gbogbo, mo mọ̀. Mo lọ gbé omi wá.